Lord Carrington: Mínísítà tó fúnra rẹ̀ kọ̀wé fipò sílẹ̀

Ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1982 ni àwọn ọmọ ogun Argentina ya wọ erékùṣù Falklands, tó wà lábẹ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, Lord Carrington, ti kọ̀wé fipò sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó lé e. Olóòtú ìjọba, Margaret Thatcher, gan-an rọ̀ ọ́ pé kó má lọ. Ó ní òun lòun ń darí ètò ìjọba lórí ọ̀rọ̀ Falklands, torí náà ó tọ́ kóun lọ.

Ọdún 1919 ni wọ́n bí Peter Carington (r kan ni orúkọ ìdílé wọn, oyè ló ní r méjì). Ọmọ ọdún 19 ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ló bá jogún oyè Baron. Oyè yìí ló fún un ní àga nílé aṣòfin àgbà, House of Lords, láìdu ìbò kankan, bí ẹni jogún ilé bàbá ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ogun ló kọ́kọ́ lọ. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 1944, ó wà lára àwọn ọmọ ogun Grenadier Guards tó wa ọkọ̀ ogun gba orí afárá Nijmegen kọjá ní Netherlands, afárá táwọn ará Jámánì ti de bọ́ǹbù mọ́. Bọ́ǹbù ò dún. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Military Cross.

Ìwé tó kọ lọ́dún 1982 yẹn kì í ṣe àkọ́kọ́. Lọ́dún 1954, mínísítà kékeré ló jẹ́ níléeṣẹ́ ọ̀gbìn. Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀, ìjọba ti gba ilẹ̀ oko tó lé ní 700 éékà ní Crichel Down, ní Dorset, láti fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ǹbù. Ìlérí wà pé wọ́n á dá a padà. Ogun parí, ilẹ̀ ò padà, iléeṣẹ́ ọ̀gbìn ló gbà á. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ò ṣàjèjì sétí ọmọ Nàìjíríà. Àwọn ọmọ onílẹ̀ fàáké kọ́rí, ọ̀rọ̀ di ti ìwádìí, Mínísítà Thomas Dugdale sì fipò sílẹ̀. Carrington náà fẹ́ bá a lọ, àmọ́ Winston Churchill ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tó di mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè lọ́dún 1979, wàhálà Rhodesia, tó di Zimbabwe lónìí, ló bá nílẹ̀. Ìjọba ológun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gba iṣẹ́ BP ní Nàìjíríà lóṣù Keje ọdún yẹn, kí London lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà. Carrington kó Robert Mugabe, Joshua Nkomo àti Bíṣọ́ọ̀bù Abel Muzorewa jọ sí Lancaster House, ilé kan náà tí Awólọ́wọ̀, Azikiwe àti Ahmadu Bello ti jókòó sọ̀rọ̀ òmìnira Nàìjíríà lọ́dún 1957. Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ó di ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé.

Iyì yẹn ò gbà á sílẹ̀ nígbà tí ti Falklands dé. Àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an ló ń pariwo lé e lórí. Mínísítà méjì níléeṣẹ́ rẹ̀ bá a lọ. John Nott, mínísítà ètò ààbò, náà fẹ́ lọ, Thatcher ò gbà.

Lóṣù Kìíní ọdún 1983, ìgbìmọ̀ Lord Franks ní ìjọba ò lẹ́bi pé Argentina wọ Falklands. Carrington ti kúrò nípò nígbà yẹn. Ó di akọ̀wé àgbà NATO lọ́dún 1984, ó sì lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀. Ẹni ọdún 99 ni nígbà tó jáde láyé lóṣù Keje ọdún 2018, òun ló sì gbẹ̀yìn nínú àwọn tó bá Churchill ṣèjọba.