Ibo ni Omi Òjò Yóò Gbà?

Ọ̀rọ̀ gọ́tà ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe yínmú. Ohun tí ó wà níwájú ilé olúkúlùkù, tí ó sì ti bá wọn lọ́wọ́ nínú pípa ènìyàn rí, ó yẹ kí a lè jókòó sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣe ìṣirò díẹ̀. Ẹ mú ilé kan tí òrùlé rẹ̀ gùn ní mítà 10, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 10. Bí òjò ńlá kan bá rọ̀, tí omi rẹ̀ tó mìlímítà 50, omi tí yóò dà láti orí òrùlé kan ṣoṣo yẹn jẹ́ lítà 5,000. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 pọn omi, kẹ́ẹ̀gì 200 nìyẹn! Ẹ wá ka iye ilé tí ó wà ní àdúgbò yín.

Láyé àwọn baba wa, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ máa ń mu púpọ̀ nínú omi yìí. Koríko wà lẹ́yìnkùlé, igbó wà létí odò. Nísinsìnyí a ti fi páànù bo ilé, a fi kọnkéré bo àgbàlá, a sì fi ọ̀dà bo títì. Ilẹ̀ kò rí ẹnu mumi mọ́. Gọ́tà ni gbogbo omi ń sáré lọ bá, gọ́tà a sì dà á sódò, lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ wo ìlú Ìbàdàn, ìlú olókè. Odò Ògùnpa ń ti ìhà Àgodi bọ̀, ó sì ń gba àárín ìlú kọjá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, òjò rọ̀, Ògùnpa kún bo ẹnu rẹ̀, ó wó ilé, ó gbé ọkọ̀ lọ, àwọn tí ó bá a lọ sì lé ní 200 ènìyàn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ìkún omi tún ṣọṣẹ́ ní ìlú kan náà, ẹ̀mí tí ó bọ́ lé ní 100. Òjò pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilé wà níbi tí ó yẹ kí omi gbà, pàǹtí sì wà nínú odò.

Gọ́tà kì í dí lọ́jọ́ kan. Ẹ̀ka igi kan tàbí táyà àlòkù kan ni yóò kọ́kọ́ há sí abẹ́ afárá. Ọ̀rá tí ẹnì kan mu omi inú rẹ̀ tán tí ó sọ nù yóò wá kọ́ ọ, òmíràn yóò kọ́ ìyẹn. Omi tí ó ń sáré tẹ́lẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Omi tí ó ń sáré lè ru iyanrìn. Bí ó bá ti ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, yóò sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Báyìí ni iyanrìn ṣe ń gorí iyanrìn, títí gọ́tà tí ó jìn dé orúnkún yóò fi kù bí ìbú àtẹ́lẹwọ́.

Ohun kan wà tí mo ń rí káàkiri tí ń kò lóye rẹ̀. Àwọn ènìyàn á kó ṣọ́bìrì, wọn á kó iyanrìn gọ́tà jáde, òógùn á bò wọ́n, wọn á wá kó o jọ gègèrè sí etí gọ́tà náà gan-an, wọn á sì lọ wẹ̀. Òjò tí ó bá tẹ̀lé e ni yóò dá a padà síbi tí wọ́n ti kó o.

Ẹ̀yin àgbà á rántí àwọn wọléwọlé. Wọn a máa wo inú àmù bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, wọn a sì máa wo gọ́tà. A máa ń sá fún wọn nítorí sámáǹsì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀ kì í gbá ilẹ̀ sí gọ́tà. Lónìí, ẹlẹ́rù kan lè ti ọmọlanke dé ẹnu ọ̀nà yín, kí ó gba owó, kí ó sì kó pàǹtí lọ. Ẹ bi í léèrè ibi tí ó ń kó o lọ. Bí ó bá jẹ́ òru ni ó ń da tirẹ̀ nù, létí odò, ẹ ti sanwó fún ìkún omi nìyẹn.

Iṣẹ́ kan wà fún ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ má ṣe sún mọ́ gọ́tà, ẹ má sì ṣe la àgbàrá kọjá, ì báà ṣe èyí tí kò ju orúnkún lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá dá, tí omi sì fà, ẹ mú rúlà jáde. Ẹ ó rí ipa ibi tí omi ga dé lára ògiri gọ́tà. Ẹ wọn bí ó ṣe jìnnà sí ojú títì tó, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù kan. Bí ipa náà bá ń sún mọ́ ojú títì, tí òjò kò sì le ju ti ìṣáájú lọ, nǹkan ti há síbì kan nísàlẹ̀. Ẹ fi ìwé náà han bàbá yín àti baálé àdúgbò.