"Ṣé wárápá ò sí nínú ìdílé wọn?" Ìbéèrè tó ń tú ìgbéyàwó ká, tí òfin wa sì ń gbè lẹ́yìn

Lóṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀rẹ́ mi kan pè mí láti Àkúrẹ́ lálẹ́. Àwa méjèèjì la jọ lọ sílé ẹ̀kọ́ girama nílùú Oǹdó. Ó ní, "Lọ́yà, ìbéèrè kan ni mo ní o, má wulẹ̀ pẹ̀tù sí mi nínú. Ṣé òfin gbà wọ́n láyè?"

Wọ́n ti mú ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, wọ́n ti ra aṣọ. Ni àǹtí ọkọ ìyàwó bá ṣèwádìí dé Oǹdó, ẹnìkan níbẹ̀ sì sọ fún un pé wárápá máa ń gbé ọmọ náà ṣubú níléèwé. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ ìyàwó ò gbé fóònù mọ́. Ìyá rẹ̀ ló fi WhatsApp ránṣẹ́ pé àwọn ò bá ẹnikẹ́ni jà, àmọ́ "irú ẹ̀ ò sí nínú ìdílé wa."

Òótọ́ ni pé ọ̀rẹ́ mi ní wárápá. Òótọ́ sì ni pé ó ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́, ọdún kẹrin rèé tí kò tíì mú un. Ó ní òun fẹ́ sọ fún àfẹ́sọ́nà òun, òun kàn ń wá ọjọ́ tó dáa ni.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣubú ní kíláàsì wa, JSS 2. Ìfófòó ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo wa sá jáde, èmi náà sá. Wọ́n ti sọ fún wa nílé pé ẹni tí itọ́ yẹn bá kàn, ó ti kó o nìyẹn. Tíṣà wa pàápàá ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Òun nìkan ló wà nílẹ̀ títí tó fi jí.

Irọ́ gbáà ni wọ́n pa fún wa. Wárápá kì í ràn. Ọpọlọ ń fi iná mànàmáná tíńtín ránṣẹ́ sí gbogbo ara. Bí iná yẹn bá ṣàdédé pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan náà, ara lè máa gbọ̀n, onítọ̀hún sì lè dákú. Ohun tó ń fà á pọ̀: ọmọ tí kò tètè mí nígbà ìbí, ibà tó wọ ọpọlọ, àrùn yírunyírun, orí tó fọ́ nínú jàǹbá ọ̀kadà, rọpárọsẹ̀ lára àgbàlagbà. Àwọn kan wà tó ń bá ìdílé rìn, àmọ́ ọ̀pọ̀ ni kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ìdílé ẹnikẹ́ni.

Kì í sì í ṣe nǹkan tó ṣọ̀wọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, onímọ̀ nípa àìsàn ọpọlọ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ọmọ Òkèmẹ̀sí ni. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni Òkèmẹ̀sí ṣì wà nígbà tí wọ́n kú lọ́dún 1995, kí wọ́n tó dá Èkìtì sílẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àwọn àti ẹgbẹ́ wọn ṣèwádìí láàárín èèyàn tó lé ní 18,000 n'Ígbó-Ọrà. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1987 ni pé bíi èèyàn 5 nínú 1,000 ló ní wárápá. Bí Oǹdó bá jọ Igbó-Ọrà, iléèwé tó bá ní akẹ́kọ̀ọ́ 1,000 á ní bíi márùn-ún. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní bíi mílíọ̀nù 50 ló ní in káàkiri ayé, àti pé tí wọ́n bá rí ìtọ́jú tó yẹ, méje nínú mẹ́wàá lè máa gbé ayé wọn láìṣubú mọ́.

Ká padà sórí òfin. Ó wù mí kí n sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé rárá, òfin ò gbà wọ́n láyè. Mo ṣí Matrimonial Causes Act ti ọdún 1970, mo sì rí i ní abala 5. Bí wárápá bá ń mú ọkọ tàbí ìyàwó léraléra nígbà tí wọ́n ṣègbéyàwó, ẹnì kejì lè ní kí kóòtù wọ́gi lé e. Ibi kan náà ni wọ́n to wárápá àti wèrè sí, pẹ̀lú ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ò dàgbà tó. Mo ka abala yìí ní yunifásítì. Mo ṣèdánwò lórí rẹ̀, mo sì yege. Kò tiẹ̀ ta sí mi létí.

Ìgbéyàwó kóòtù nìkan lòfin yìí mú, kò kan ti ìdáná. Ẹni tó ń ṣẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ò mọ̀ nígbà ìgbéyàwó. Ó gbọ́dọ̀ pe ẹjọ́ náà láàárín oṣù 12, kò sì gbọdọ̀ tíì fínnúfíndọ̀ bá ẹnì kejì sùn lẹ́yìn tó mọ̀. Nítorí náà, bí o bá ti sọ fún un ṣáájú, tí o sì ní ẹ̀rí, kò lè fi abala yìí mú ọ.

Àmọ́ ẹ wo pańpẹ́ tó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá sọ, ìdílé á sá fún un. Ẹni tí kò bá sọ, kóòtù ń dúró dè é. Ibo ni kó gbà?

Lọ́dọ̀ Òyìnbó la ti kọ́ irú òfin yìí. Wọ́n fi sínú tiwọn lọ́dún 1937, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò lọ́dún 1971. Íńdíà yọ tiwọn lọ́dún 1999. Tiwa ṣì wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Nàìjíríà yìí náà ló ṣòfin lọ́dún 2018, tí Ààrẹ buwọ́ lù lóṣù kìíní 2019, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀: owó ìtanràn 100,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì, fún ẹni tó bá ṣe é. Lójú tèmi, òfin méjèèjì yìí ò lè jọ dúró. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Àkúrẹ́ ò sì lè tún ti 1970 ṣe, torí Abùjá ni òfin ìgbéyàwó kóòtù wà. Àwọn sẹ́nétọ̀ wa àti àwọn aṣojú-ṣòfin wa ni ká lọ bá.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa bi mí: "Tó bá jẹ́ àbúrò rẹ ńkọ́?" Màá fẹ́ kí wọ́n sọ fún un kó tó ṣègbéyàwó, kò sí àní-àní níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí àwọn méjèèjì jọ lọ rí dókítà. Ilé ìwòsàn UNIMED wà l'Óǹdó, ó wà l'Ákùúrẹ́. Àmọ́ kì í ṣe kí àǹtí kan lọ fetí kọ́ ọ̀rọ̀ ládùúgbò, kó wá fi í dá ẹjọ́.

Bí ẹnìkan bá ṣubú níwájú yín, ẹ má sá bí èmi ṣe sá. Ẹ wo aago. Ẹ fi nǹkan rírọ̀ sí i lábẹ́ orí, kẹ́ ẹ sì dà á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ má fi ṣíbí tàbí ìka sí i lẹ́nu, ẹ má ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná, ẹ má fún un ní àgbo ìtọ̀ màlúù. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé kò sófin tó lè fipá mú ọkùnrin fẹ́yàwó. Mo ní tí ẹ̀rí bá wà pé àdéhùn ìgbéyàwó ti wà láàárín wọn, ó lè pè é lẹ́jọ́ gba owó. Ó ní òun ò fẹ́ owó wọn. Mo wá bi í pé ṣé mo lè kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ó ní, "Kọ ọ́. Má ṣáà dárúkọ mi. Mo ṣì fẹ́ lọ́kọ."