Orin Tí Fẹlá Kì Í Padà Sí: Bí Ó Ṣe Bọ́ Sẹ́nu Gbogbo Ayé

Ẹni tó bá lọ sí Afrika Shrine ní Òpópónà Pepple, ní Ìkẹjà, láyé ìgbà tí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ń ṣeré níbẹ̀, tó sì ń retí kó kọ "Lady" tàbí "Water No Get Enemy" fún òun, ọwọ́ òfo ló máa gbé relé ní ti ìyẹn. Bó ti wù kí èrò pariwo orúkọ orin tó, orin tuntun tó wà lọ́kàn Fẹlá, tí wọ́n ń pè ní Abàmì Ẹ̀dá, ló máa kọ. Lójú tirẹ̀, orin tó bá ti wọ inú àwo, iṣẹ́ ti parí lórí rẹ̀ nìyẹn. Kì í sábà gbé e wá sórí ìtàgé mọ́.

Ọ̀nà tí orin ń gbà dàgbà lọ́dọ̀ rẹ̀ ló fa èyí. Iwájú èrò ni orin Fẹlá ti ń gbó. Yóò kọ́ onígìtá ní tirẹ̀, yóò kọ́ àwọn afọnfèrè ní tiwọn, wọn yóò sì máa lù ú ní Shrine lóṣù dé oṣù. Bó ṣe ń pẹ́ ló ń yí padà: ibì kan á gùn sí i, ọ̀rọ̀ kan á wọlé, òmíràn á jáde. Ìgbà tó bá tó gbó tán ni wọ́n ń gbé e lọ sí ilé ìgbohùnsílẹ̀. Ọjọ́ tí àwo bá fi dé ọjà, àwọn ará Shrine ti mọ orin náà bí ẹni mowó, Fẹlá ní tirẹ̀ sì ti bọ́ sórí òmíràn.

Bí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ṣe pín sí ọ̀nà méjì nìyẹn. Àwọn kan gbọ́ orin kó tó di àwo. Àwọn yòókù, tí wọ́n pọ̀ ju àwọn wọ̀nyẹn lọ fíìfíì, àwo nìkan ni wọ́n gbọ́. Ẹni tó ra "Water No Get Enemy" ní Ìbàdàn lọ́dún 1975 lè dàgbà, kó darúgbó, kó má gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ni ín láéláé. Ní òkè òkun, ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àwọn tó sanwó láti gbọ́ orin tí wọ́n ti mọ̀ ló ń bá orin tí wọn kò gbọ́ rí pàdé.

Nítorí náà, àwọn tó wà níbẹ̀ ló ń ròyìn fún àwọn tí kò sí níbẹ̀. Bí wọ́n bá jókòó ti ìgò ọtí, ẹni tó mọ Shrine àtijọ́ ní Empire Hotel, ní Ìdí-Orò, ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, nítorí ìyẹn ti wà ṣáájú kí àwọn ṣọ́jà tó dáná sun Kalakuta, ilé Fẹlá, ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1977. Ẹni tó mọ ti Pepple á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Yóò sọ nípa Yabis alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí Fẹlá máa ń dá orin dúró láti bú ìjọba, láti fi ọlọ́lá ṣẹ̀sín, tí èrò á sì máa dá a lóhùn. Yóò sọ nípa alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta tó fi ń bọ àwọn babańlá, nípa àwọn oníjó inú àgò, nípa orin kan ṣoṣo tó ju ìdajì wákàtí lọ.

Ìrántí irú èyí kan tó lókìkí wá láti ẹnu àlejò. Lọ́dún 1973, Paul McCartney wá sí Èkó láti gba orin *Band on the Run* sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ EMI ní Àpápá. Fẹlá fẹ̀sùn kàn án pé orin aláwọ̀ dúdú ló wá jí. Síbẹ̀ McCartney lọ wo eré rẹ̀, ó sì ti sọ léraléra láti ìgbà náà pé nígbà tí ìlù dún, omijé ló bọ́ lójú òun, pé òun kò gbọ́ ẹgbẹ́ olórin tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí lójúkojú, àti pé ìbẹ̀rẹ̀ orin kan tí wọ́n lù lálẹ́ ọjọ́ náà kò kúrò lórí òun mọ́. Alẹ́ kan péré nìyẹn o.

Fẹlá kú ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 1997. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, ló sọ fún àwọn oníròyìn pé àrùn éèdì ló pa á. Èrò rẹpẹtẹ ló kún Tafawa Balewa Square láti wo òkú rẹ̀. Fẹ́mi, ọmọ Fẹlá, ti ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, Positive Force, ó sì ń kọ orin tirẹ̀. Ṣeun, tí kò ju ọmọ ọdún 14 lọ, ló bọ́ síwájú ẹgbẹ́ Egypt 80 tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Títí di òní, orin bàbá rẹ̀ kan ló sábà máa fi ń ṣíde eré kó tó kọ tirẹ̀.

Lọ́dún 1998 ni Yẹni, àkọ́bí Fẹlá, dá Felabration sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún ní àyíká ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá, ọjọ́ ìbí Fẹlá. Nígbà tó fi máa di ọdún 2000, New Afrika Shrine ti dúró ní Agídíngbì. Ohun tí olórin fúnra rẹ̀ kò gbà fún èrò wá di ìrọ̀rùn: ọ̀kan-ò-jọ̀kan olórin ń gun orí ìtàgé, wọ́n ń kọ orin inú àwo, èrò sì ń gbè é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Lọ́dún 1998 kan náà, afọnfèrè kan, Martin Perna, kó ẹgbẹ́ Antibalas jọ ní Brooklyn, ní New York, láti máa lu irú orin yìí. Lọ́dún 2002, D'Angelo, Macy Gray àti Fẹ́mi para pọ̀ tún "Water No Get Enemy" kọ nínú *Red Hot + Riot*, àwo tí wọ́n ṣe láti gbógun ti àrùn tó pa Fẹlá gan-an. Nígbà tó di ọdún 2009, eré *Fela!* tí Bill T. Jones darí dé Broadway, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Antibalas ló ń lùlù rẹ̀, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Tony mẹ́ta lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Lọ́dún 2011 ni wọ́n gbé e wá sí Èkó. Mo ka ìyẹn sí ìdánwò tó le jù fún wọn, nítorí lára àwọn tó jókòó wò wọ́n ni àwọn tó gbọ́ orin wọ̀nyẹn nígbà tí wọ́n ṣì tutù.

Kì í ṣe gbogbo àtúnkọ ló dára. Àwọn tó ń gé orin Fẹlá sí ìṣẹ́jú mẹ́rin ń ba orin jẹ́. Gìtá tó ń tẹ ohùn kan náà láìyẹsẹ̀, ìlù tí kò kánjú, ìṣẹ́jú púpọ̀ tó ń kọjá kí Fẹlá tó la ẹnu, ibẹ̀ gan-an ni orin wà. Ẹni tí kò bá ní sùúrù fún ìyẹn, kó kúkú kọ orin tirẹ̀, bí Burna Boy ṣe ṣe nígbà tó fa díẹ̀ yọ nínú "Sorrow Tears and Blood" láti fi kọ́ "Ye".

Ohun tó ká mi lára jù ni àwọn orin tí kò dé inú àwo rárá. *Underground System* tó jáde lọ́dún 1992 ni àwo tuntun tí Fẹlá ṣe kẹ́yìn. Ó ṣì lo ọdún márùn-ún láyé lẹ́yìn rẹ̀, ó sì kọ orin ní Shrine láàárín ìgbà náà, bí "Chop and Clean Mouth" àti "Bamaiyi". Inú kásẹ́ẹ̀tì tí àwọn olólùfẹ́ fi ọwọ́ ara wọn gbà sílẹ̀, àti orí àwọn tó wà níbẹ̀, ni wọ́n kù sí. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ má dà á nù, ẹ má sì jẹ́ kí oòrùn àti ọ̀rinrin pa á. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín dà á kọ sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí Kalakuta Museum ní Òpópónà Gbemisola, ní Ìkẹjà. Ẹni tí kò ní kásẹ́ẹ̀tì, tó sì wà níbẹ̀, kó jókòó kọ ohun tó rántí sílẹ̀, kó fi ọdún àti orúkọ orin sí i.