Ṣé O Mọ̀? Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́ Tó Ń Gbowó

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà pe ẹ̀kọ́ oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì rẹ̀? Gba ìwé owó lọ́wọ́ ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ ọrọ̀-ajé wò: owó ìforúkọsílẹ̀, owó ìdánwò, owó ibi ìkàwé, owó àyẹ̀wò ìlera, owó káàdì. Gbogbo owó ló pé síbẹ̀, àfi owó ìkọ́ni!

Ó dáa, gbọ́ èyí. Ní 2023, UNILAG, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ní Èkó, ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ń san ₦19,000 mú ₦100,750 wá. Àwọn tí kì í wọ yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì ni wọ́n ń bá wí o, irú àwọn ọmọ ìmọ̀ òṣèlú tí kò fọ́ ìgò kan rí. Ìgbà tí ariwo ta ni owó náà tó wálẹ̀ sí ₦80,750.

Ǹjẹ́ o ti rí owó ilé-ìwé tó gòkè, tó sì tún padà sílé? LASU, ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, gbé tirẹ̀ láti ₦25,000 lọ sí ₦193,750 ó kéré tán ní 2011. Nígbà tó di 2014, ₦25,000 náà ló tún dà.

Mẹ́ta péré ni yunifásítì aládàáni tó gba ìwé àṣẹ ní 1999: Babcock, Igbinedion àti Madonna. Lónìí, iye àwọn aládàáni ti ju ti ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ lápapọ̀ lọ, síbẹ̀ ilé-ìwé ìjọba lèrò ṣì ń wọ́ lọ.

Mílíọ̀nù ni wọ́n fi ń ka owó ọdún kan ní Babcock, àmọ́ bẹ́ẹ̀dì àti oúnjẹ wà nínú rẹ̀. Má kàn wá ẹran nínú ọbẹ̀ o: ìjọ Adventist ló ni ilé-ìwé náà, ẹran kì í wọ ilé ìdáná wọn!

Ọmọ ilé-ìwé ìjọba tí kò rí bẹ́ẹ̀dì gbà ńkọ́? Owó yàrá kan ní Akoka, àdúgbò UNILAG, pẹ̀lú owó éjẹ́ǹtì àti owó àgírímẹ́ǹtì, lè gbé owó ilé-ìwé ọdún mẹ́ta mì láìjẹ.

Ta ló ń ka oṣù mọ́ owó? Ní 2022, ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ olùkọ́ yunifásítì ìjọba, bẹ̀rẹ̀ ní 14 oṣù Kejì, ó parí ní 14 oṣù Kẹwàá. Ní gbogbo oṣù mẹ́jọ yẹn, àwọn aládàáni ń kàwé wọn lọ ní tiwọn.

Ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ń pè ní NELFUND, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024 kò ní èlé rárá. Ṣùgbọ́n ọmọ aládàáni tí owó rẹ̀ wọ mílíọ̀nù kò lè yá kọ́bọ̀ níbẹ̀, ilé-ìwé ìjọba nìkan ni wọ́n ń yá!

Tí ọmọ ìjọba àti ọmọ aládàáni bá wá dé NYSC, iṣẹ́ ìsìn ìlú lẹ́yìn yunifásítì, kákí kan náà, owó àjẹmọ́nú ₦77,000 kan náà lóṣù.

Ariwo owó ilé-ìwé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1978, kí ló mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde sígboro pẹ̀lú igbe “Ali Must Go”, pé kí Ali, kọmíṣọ́nà ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀, kúrò nípò? Owó oúnjẹ òòjọ́ ni, tí ìjọba fi kún.

O sì mọ ẹni tó ń ṣe olórí ìjọba nígbà náà? Ọbásanjọ́ ni. Òun náà ló dá yunifásítì aládàáni Bells sílẹ̀ ní Ọ̀tà. Àmọ́ nígbà tí bàbá fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé, NOUN ló forúkọ sílẹ̀ sí, ilé-ìwé ìjọba!