Orúkọ Lára Ohun Ẹ̀bùn: Àpáàdì Naukratis àti Bútà Ìsàlẹ̀ Èkó

Ní ọdún 1884, Flinders Petrie bẹ̀rẹ̀ sí í wa ilẹ̀ ìlú àtijọ́ kan, Naukratis, ní ilẹ̀ Íjíbítì, níbi tí odò Náílì ti yà sí ẹ̀ka púpọ̀ kí ó tó wọ òkun. Àwọn oníṣòwò Gíríìkì ti ń gbé ibẹ̀ láti ọ̀rúndún keje kí a tó bí Jésù. Nínú ohun tí òun àti Ernest Gardner hú jáde, ọ̀pọ̀ àpáàdì ni a ti fi ohun ṣóńṣó ha ọ̀rọ̀ sí lára. Ọ̀rọ̀ náà kì í gùn: orúkọ òrìṣà, orúkọ ẹni tí ó fi ohun náà ta á lọ́rẹ, àti ọ̀rọ̀-ìṣe kan nígbà mìíràn.

Ohun tí ó yẹ kí a dúró lé lórí ni ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Abọ́ fúnra rẹ̀ ni. Ọ̀kan sọ pé Phanes ọmọ Glaukos ni ó fi òun fún Apollo. Òmíràn ní Sostratos ni ó fi òun fún Aphrodite. Àwọn kan kò tilẹ̀ dárúkọ olùfúnni. Wọ́n kàn ní ti òrìṣà báyìí ni àwọn. Ó dá mi lójú pé ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní iṣẹ́ tirẹ̀: bí àsè bá parí, ta ni yóò gbé ife tí ó ń pariwo pé ti Apollo ni òun lọ sí ilé ara rẹ̀? Àwọn kan wà tí a ti fi ọ̀dà kọ orúkọ sí kí a tó sun wọ́n níná ní erékùṣù Chios. Ìyẹn fi hàn pé olùfúnni ti ránṣẹ́ sí amọ̀kòkò ṣáájú. Àwọn tí a ha lẹ́yìn sísun kò béèrè irú ètò bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ó bá wọ mọ́sálásí ní Ìsàlẹ̀ Èkó yóò rí ìbátan wọn. Lára bútà àlùwàlá àti ẹní ìkírun, a máa ń kọ ọ́ pé sàráà ni, a ó sì dárúkọ. Ṣùgbọ́n orúkọ òkú ni ó sábà máa ń ṣáájú, ti àwọn ọmọ a tẹ̀ lé e; ìgbàgbọ́ wọn ni pé bí ẹnikẹ́ni bá ti ń fi omi inú bútà náà wẹ̀, ẹ̀san ń dé ọ̀dọ̀ òkú. Bútà kò sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ bí abọ́ Phanes. Àwọn ọmọ ni ó ń sọ̀rọ̀. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì Erékùṣù Èkó náà, ògo Ọlọ́run ni a máa ń kọ ṣáájú lára àga àti ife, kí ìrántí òbí tó tẹ̀ lé e. (Bí a bá fẹ́ ṣàwàdà, a lè pe Mọ́sálásí Shitta-Bey, tí a ṣí ní 1894, ní bútà tí ó tóbi jù lọ: orúkọ ẹni tí ó kọ́ ọ ni ó ń jẹ́ títí di òní.)

Ọ̀rọ̀ òtùn Ọ̀ṣun àti àwo ọta Erinlẹ̀ ni ó le. R. F. Thompson kọ̀wé ní 1969 nípa Àbátàn, amọ̀kòkò Òkè-Ọ̀dàn, tí ó ń mọ ère obìnrin sórí ìdérí àwo Erinlẹ̀. Omi àti òkúta odò ni inú àwo náà wà fún. A kì í kọ nǹkan sí i. Ẹnu ni a fi ń pe orúkọ ẹni tí ó ni ẹ̀bẹ̀. Bí irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ bá fọ́, tí apá ibi tí ère wà sì sọnù, awalẹ̀pìtàn lè kà á sí ìkòkò ọbẹ̀. Ó rọrùn nígbà náà láti ní ibi tí a kò ti rí ìkọ̀wé, a kò ta òrìṣà lọ́rẹ níbẹ̀. N kò gba èyí. Ní Obalara's Land ní Ifẹ̀, tí Peter Garlake wà ní 1971 sí 1972, kò sí lẹ́tà kankan lára ìkòkò tí ó bá nínú ilẹ̀ tí a fi àpáàdì tẹ́. Síbẹ̀ àwòrán ojúbọ tí a mọ sí i lára, pẹ̀lú ibi tí a gbé e sí, tó láti fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn. Orúkọ olùfúnni nìkan ni a kò lè rí gbà padà.

Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń gba ìkòkò ojúbọ sílẹ̀ lónìí gbọ́dọ̀ gba ìwúre tí a ń ṣe sí i sílẹ̀ pọ̀ mọ́ ìwọ̀n àti àwòrán rẹ̀. Kí a sì da àkọlé inú àwọn mọ́sálásí kọ bákan náà. Rọ́bà ni ọ̀pọ̀ bútà báyìí, omi sì ń ṣí ọ̀dà ara wọn lójoojúmọ́.