Kíka Èsì Bọ́tìnnì Rédíò Nínú Fọ́ọ̀mù Orí Íntánẹ́ẹ̀tì: Àpẹẹrẹ Láti Ìjẹ̀bú-Igbó

1. Ìfáàrà

Àpilẹ̀kọ yìí dá lé bí kọ̀ǹpútà tí ó ń gba fọ́ọ̀mù, èyí tí wọ́n ń pè ní sáfà, ṣe ń mọ ohun tí ẹni tí ó kọ fọ́ọ̀mù yàn. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣe é fojú kéré. Láti ọdún 2015 ni àjọ JAMB ti pa ìdánwò UTME oníwèé tì. Orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ni ẹni tí ó ń wá àyè sí Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè ti ń kọ fọ́ọ̀mù. Kókó tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ìdákẹ́ kì í ṣe ìdáhùn. Sáfà tí kò bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì yóò máa kọ irọ́ sílẹ̀ lórúkọ ẹni ẹlẹ́ni.

2. Ohun tí bọ́tìnnì rédíò jẹ́

Ara rédíò ọkọ̀ ayé àtijọ́ ni orúkọ yìí ti wá. Bí awakọ̀ bá tẹ bọ́tìnnì kan wọlé, èyí tí ó ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò ta jáde. Méjì kò lè wọlé pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti fọ́ọ̀mù. Kí fọ́ọ̀mù kan máa béèrè àdúgbò ènìyàn ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kí ó sì to márùn-ún sílẹ̀: Òkè-Sópin, Òjòwò, Àtìkòrì, Òkè-Àgbò àti Jàpárà. Bọ́tìnnì márààrún gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ kan náà, bí àpẹẹrẹ «adugbo», nínú àmì tí wọ́n ń pè ní name. Bí orúkọ wọn bá yàtọ̀ síra, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ mọ́, ẹnì kan yóò sì lè yan gbogbo wọn.

3. Ohun tí ó ń dé ọ̀dọ̀ sáfà

Ọ̀rọ̀ tí ojú rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì kọ́ ni ó ń lọ sí sáfà. Ohun tí ó wà nínú value ni ó ń lọ. Ẹni tí ó bá yan Òjòwò yóò fi «adugbo=ojowo» ránṣẹ́. Bí wọn kò bá kọ value kankan, ọ̀rọ̀ «on» ni yóò dé, sáfà kò sì ní mọ àdúgbò tí ó jẹ́. Ó dára kí value máa wà láìní àmì ohùn, nítorí pé kọ̀ǹpútà lè kọ lẹ́tà alámì kan náà pamọ́ ní ọ̀nà méjì tí ojú kò lè dá mọ̀. Sáfà yóò sì kà wọ́n sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ojú fọ́ọ̀mù ni kí àmì ohùn ti pé.

4. Ìdákẹ́ àti ìdáhùn

Àpótí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan sí ṣì ń fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́, láìsí ohunkóhun nínú rẹ̀. Bọ́tìnnì rédíò kò rí bẹ́ẹ̀: bí wọn kò bá yan ọ̀kankan, orúkọ pàápàá kò ní dé. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Nítorí náà, nínú èdè PHP, ó yẹ kí sáfà kọ́kọ́ fi isset wò bóyá $_POST['adugbo'] wà, kí ó tó kà á.

Àwọn mìíràn a máa fi checked yan bọ́tìnnì àkọ́kọ́ sílẹ̀ kí òfo má baà wà. Àtúnṣe yìí burú ju àìsàn lọ. Ará Òru tàbí Awà tí kò rí ìlú rẹ̀ nínú márùn-ún náà, tí ó sì rékọjá ìbéèrè, yóò di ará Òkè-Sópin nínú ìwé. Bí wọ́n bá wá ka iye ènìyàn, Òkè-Sópin yóò pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ohun tí ó tọ́ ni bọ́tìnnì kẹfà fún «ibòmíràn».

Síwájú sí i, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe lè fi ohun tí kò sí lójú fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Àmì required ń dá ènìyàn dúró lójú fọ́ọ̀mù nìkan. Kò dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró. Sáfà fúnra rẹ̀ ni kí ó fi èsì wé àkọsílẹ̀ tirẹ̀, kí ó sì kọ èyí tí kò bá sí níbẹ̀.

5. Ìkádìí

Iṣẹ́ mẹ́ta ni ó wà lọ́rùn sáfà: kí ó mọ̀ bóyá èsì dé, kí ó kà á, kí ó sì yẹ̀ ẹ́ wò. Bí èsì kò bá dé, ìbéèrè ni kí ó dá padà fún ẹni tí ó kọ fọ́ọ̀mù. Kì í ṣe pé kí ó bá a dáhùn.