Ìrànwọ́ Owó Iná Kò Dé Yàrá Ayálégbé

Ọ̀rọ̀ owó iná ẹlẹ́tíríìkì ni mo fẹ́ bá yín sọ. Kì í ṣe ti iná tí kò wá. A ti sọ ìyẹn títí ó fi sú wa. Owó tí Ìjọba ní òun ń san mọ́ owó iná wa ni mo ń bi yín: ọwọ́ ta ni ó ń bọ́ sí?

Mo béèrè nítorí pé owó náà kì í ṣe kékeré. Ní ọdún 2024 nìkan, owó tí Ìjọba Àpapọ̀ gbà sọ́rùn láti fi dí àlàfo tí ó wà láàárín iye tí iná ń náni àti iye tí à ń san lé ní tírílíọ̀nù kan ààbọ̀ náírà. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò rò pé kò tún sí arúgbó kan tí yóò sùn nínú òkùnkùn nítorí owó iná. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ti ń pín in.

Orí yúnítì ni ìrànwọ́ náà jókòó lé. Yúnítì kan ni áyọ́ọ̀nù tí ó jẹ́ ẹgbẹ̀rún wáàtì ń jẹ bí ó bá wà lórí iná fún wákàtí kan gbáko. Ẹni tí ó bá lo yúnítì mẹ́wàá gba ìrànwọ́ lọ́nà mẹ́wàá. Ẹni tí ó bá lo ẹgbẹ̀rún gba á lọ́nà ẹgbẹ̀rún. Ọ̀gá tí ẹ̀rọ atẹ́gùn tútù ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo yàrá rẹ̀ ń gba lọ́wọ́ Ìjọba ju opó tí ó ní gílóòbù kan lọ. Kò jí owó ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ti là á sílẹ̀ nìyẹn.

Ìjọba náà rí i pé èyí kò dára. Ní ọjọ́ 3 oṣù April 2024, wọ́n yọ ìrànwọ́ kúrò fún àwọn tí wọ́n pè ní Band A, àwọn tí ó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ogún wákàtí ó kéré tán lóòjọ́. Yúnítì kan tí ó jẹ́ ₦68 di ₦225. Ní May wọ́n sọ ọ́ di ₦206.80, ní July ó di ₦209.50. Wọ́n ní àwọn tí ó lágbára láti san ni. Ibẹ̀ ni èmi kò ti gbà pẹ̀lú wọn. Wáyà ni wọ́n wò, wọn kò wo àpò. Lórí wáyà kan náà ni ilé olódi gíga wà, orí rẹ̀ náà ni ilé oníyàrá mẹ́jọ wà.

Ìrànwọ́ mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Ó ti pẹ́ tí NERC, àjọ tí ń ṣàkóso iná, ti ya àwọn tálákà sọ́tọ̀: oníbàárà tí kò bá lo ju 50 yúnítì lọ lóṣù, náírà mẹ́rin péré ni yóò san lórí yúnítì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí owó iná gbé pẹ́ẹ́lí ní September 2020, wọn kò fi kún ti àwọn wọ̀nyí. Ẹ kò ṣì í kà o. Náírà mẹ́rin ni mo wí.

Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀. Ní àdúgbò wa, ilé kan wà tí ó ní yàrá mẹ́jọ, mẹ́rin kọjú sí mẹ́rin, mítà kan ṣoṣo ni ó sì wà lára ògiri ọ̀ọ̀dẹ̀. Ká ní yàrá kan ń tan gílóòbù 10 wáàtì fún wákàtí mẹ́fà lóòjọ́, fáànù 60 wáàtì fún wákàtí mẹ́jọ, àti tẹlifíṣọ̀n 60 wáàtì fún wákàtí márùn-ún. Bí oṣù bá fi parí, yúnítì 25 àti díẹ̀ ni, ìdajì ohun tí òfin fi àyè gba tálákà. Bí ayálégbé yìí bá ní mítà tirẹ̀, owó rẹ̀ kò ní í kọjá ₦101. Ṣùgbọ́n mítà kò mọ yàrá, ilé ni ó mọ̀. Yàrá mẹ́jọ á lo yúnítì igba ó lé díẹ̀, mítà á sì ka gbogbo wọn sí ọlọ́rọ̀ kan ṣoṣo. Bí ilé náà bá bọ́ sórí wáyà Band A, ₦5,670 ni yàrá kan yóò san lóṣù ní iye ti April 2024, nígbà tí owó oṣù tí ó kéré jù lọ lábẹ́ òfin ṣì jẹ́ ₦30,000. Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.

Nínú ilé yìí ni ìyá kan tí ń ta ẹ̀kọ ń gbé. Gílóòbù kan àti fáànù kan ni tirẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀ ní fíríìsà tí ó fi ń ta omi tútù. Ọgbọọgba ni wọ́n máa ń pín owó iná. Oṣù méjì ni ìyá náà kò rí tirẹ̀ san, ni wọ́n bá yọ wáyà rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ iná kọ́ ni ó yọ ọ́ o. Àwọn tí wọ́n jọ ń pọn omi nínú kànga kan ni. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó ń múra ìdánwò oníwèé mẹ́wàá wá ń gbé ìwé rẹ̀ wá sí ọ̀ọ̀dẹ̀ mi lálaalẹ́.

Mo lọ bá wọn sọ ọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Tíṣà, bí Ìyá kò bá san, ta ni yóò san án? Bí owó kò bá pé, gbogbo wa ni a ó wà lókùnkùn.” Kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Irú èyí kò mọ lọ́dọ̀ wa. Ní Gánà, nígbà àrùn Kòrónà ní 2020, Ìjọba wọn ní kí àwọn tí kì í lo ju 50 yúnítì lọ lóṣù má san owó iná rárá, bẹ̀rẹ̀ láti April. Oore ńlá ni. Ṣùgbọ́n agbo ilé tí ìdílé púpọ̀ ti ń lo mítà kan pọ̀ ní Accra àti Kumasi gẹ́gẹ́ bí ó ti pọ̀ ní Ìbàdàn, irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í sì í pẹ́ kọjá 50.

Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Ìlú Ọba náà ní ìtàn tiwọn. Ní ìgbà òtútù 2022 sí 2023, Ìjọba ibẹ̀ ní kí ìdílé kọ̀ọ̀kan gba 400 pọ́n-ùn. Ẹni tí ń san owó iná láti báńkì kò béèrè kí ó tó rí i. Àwọn tí ń fi mítà àtijọ́ ra iná sílẹ̀ kí wọ́n tó lò ó, tí tálákà pọ̀ láàárín wọn, ìwé ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé náà ni ẹnikẹ́ni kò mú lọ síbikíbi. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ètò kan tí mo fẹ́ràn, Warm Home Discount, tí ó ti wà láti 2011: 150 pọ́n-ùn ni wọ́n ń yọ kúrò nínú owó iná aláìní láti 2022. Ìwé Ìjọba tí ó fi hàn pé ènìyàn jẹ́ aláìní ni wọ́n ń wò, kì í ṣe wáyà tí ó kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Àwa náà kò ṣàìní òfin. Òfin iná ti 2005 ní kí a dá àpò kan sílẹ̀ láti fi ran àwọn aláìní tí ń lo iná lọ́wọ́. Òfin tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní June 2023 tún sọ ọ́. Láti 2005 wá, òjò púpọ̀ ti rọ̀ tí ilẹ̀ ti fi mu. N kò tíì rí ẹnì kan ní àdúgbò wa tí ó gba kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Èrò tèmi ni pé inú àpò yẹn ni ó yẹ kí a da owó tí a ń fọ́n ká sórí yúnítì sí. Kí ẹni tí ó lo púpọ̀ san iye tí iná jẹ́, kí a sì fi ti ìyá ẹlẹ́kọ lé e lọ́wọ́, ìbáà ní mítà, ìbáà má ní. Mo mọ̀ pé àwọn tí ń fi ẹ̀rọ lọ ata yóò bínú sí mi. Ẹ kọ̀wé sí mi, kí a jọ jiyàn rẹ̀.

Láti 2024 ni NERC ti ń fa àkóso iná lé àwọn ìpínlẹ̀ lọ́wọ́. Èkìtì àti Òǹdó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbà á. Ọ̀rọ̀ yìí kò wà ní Àbújá nìkan mọ́. Aṣòfin ìpínlẹ̀ tí ẹ dìbò fún, òun ni kí ẹ bi léèrè àpò náà nígbà tí ó bá tún dé láti pín ìrẹsì.

Ní ilé oníyàrá mẹ́jọ yẹn, àwọn ayálégbé yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n ra mítà kéékèèké tí ń ka ti yàrá kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì dá wáyà ìyá náà padà. Ohun tí olúkúlùkù lò ni ó ń san báyìí. Èyí kò mú náírà mẹ́rin wá fún un, nítorí mítà ńlá ni ilé-iṣẹ́ iná mọ̀. Ṣùgbọ́n kò bá ẹlòmíràn san owó fíríìsà mọ́.

Ẹ̀yin tí kò ní mítà rárá, tí wọ́n kàn ń fi ojú wọn owó iná fún, òfin NERC gbà yín láyè láti tako owó tí ó bá pọ̀ jù. Ẹ má ṣe jókòó sílé láìsan nǹkan kan o. Iye tí ó wà lórí ìwé ìkẹyìn tí ẹ kò bá wọn jà lé lórí ni kí ẹ san, kí ẹ sì kọ ìwé ẹ̀hónú lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ kọ. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ọ̀kan, kí ẹ mú un padà sílé.